Ẹni Inú Bébà

Ẹ̀bùndọlá fún mi ní bébà kan ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀,
lọ́jọ́ tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ mi.
Ẹnìkan wà nínú bébà náà.
Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè gbọnrangandan,
kò ní ojú, kò ní ẹnu tí yóò fi pariwo.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́sàn-án,
ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó sùn, Bàbá."
Mo ní mo ti gbọ́.
Mo ká a sínú Bíbélì, mo wọkọ̀ Ìsánlú.

Ẹni inú bébà kò ní ìlú.
Kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tó ń kí i pé "Okun o!"
tí yóò fi dìde jókòó kó lè dáhùn.
Ewúrẹ́ kì í wọ yàrá rẹ̀ wá jẹ èlùbọ́.
Òjò àkọ́rọ̀ kò rọ̀ sórí ebè tirẹ̀
kí àbúrò rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ́ léjìká,
kó máa béèrè ẹni tí yóò gbin iṣu ọdún yìí.
Ilẹ̀ tó sùn sí tẹ́jú.
Bẹ́ẹ̀dì tèmi ti kó sínú láàárín bí ikùn ọpọ́n.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo ṣe mẹ́wàá.
Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe méje, mo ka mẹ́wàá.
Lọ́jọ́ kẹfà, Ìyá Ọlọ́runtọ́ba bá mi lórí ẹní, ẹsẹ̀ lófuurufú,
ó ní, "Ṣé ẹ̀mí ló gbé yín ni?
Aláìsàn kì í ṣiṣẹ́. Ẹ sinmi, jàre."
Ó rẹ́rìn-ín títí dé ìta.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi
ju èyí tí mo sanwó ọkọ̀ lọ gbọ́ lọ.

Ó ya èmi náà lẹ́nu.
Ogójì ọdún ni mo fi kọ ebè,
mo lè kọ igba kí oòrùn tó mú,
ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lásán wá ń sú mi.
Ṣùgbọ́n ebè máa ń hàn:
bí o bá kọ mẹ́wàá, wàá wẹ̀yìn, wàá rí mẹ́wàá.
Orúnkún yìí, mo ṣe é lánàá, mo ṣe é lónìí,
bó ṣe wà náà ló wà,
ó ń wò mí bí onígbèsè tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èyí tó kù, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Lóru, bí ilé bá ti dákẹ́, mo máa ń rò ó pé
bí mo bá ṣe é pé, tí n kò fo ọjọ́ kan,
tí ẹsẹ̀ náà kò sì ká,
kí ni n ó tún máa retí?
Bí n kò bá ṣe é, ìwòsàn ṣì wà níbẹ̀,
láàárín Jóòbù àti Orin Dáfídì,
ní kíká.

Ẹ̀bùndọlá pè ní Sátidé: "Bàbá, ṣé ẹ ń ṣe é?"
"À ń ṣe é, ọmọ mi."
Àfi bí ẹni pé a pọ̀.

Ìníolúwa gbọ́ wa. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin.
Ó ní, "Ẹ ṣe é kí n rí."
Ó tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́, ó fi kọ́ mi lẹ́sẹ̀,
ó ń fà á bí ẹni ń fami lókàǹga:
"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà."
Ibẹ̀ ni ìwé tirẹ̀ parí. Ó padà sí ẹ̀ta.
Mo ní ó ti tó mẹ́wàá.
Ó ní kò tíì tó, òun kò tíì gbọ́ "ẹ̀wá".
"Ẹ̀ta, ẹ̀rin..."
Ẹnìkan ń kọjá lójú ọ̀nà Mọ̀pà, ó kí wa: "Okun o!"
Okùn wà lọ́wọ́ ọmọ.
Èmi ni mò ń wá okun.
Mo dijú, òógùn ń wọ̀ mí létí,
"àrún, ẹ̀fà",
èje wà lẹ́nu mi,
n kò sọ ọ́.